Bàtà Dúdú Bọ̀dá

Bí mo bá rí bàtà dúdú tó ń dán, mo máa ń rántí Bọ̀dá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ n'Ísọlọ̀. Ara wọn kì í balẹ̀. Tí wọ́n bá ń jẹun pàápàá, ẹsẹ̀ wọn á máa gbọ̀n. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan lara ń tù wọ́n, nígbà tí Ẹ̀mí bá gbé wọn ní ìjọ aláṣọ funfun wa. Wọ́n á máa yí bí òkòtó, òòyì ò sì ní kọ́ wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni o, torí a kì í wọ bàtà níwájú Ẹ̀mí.

Nígbà tí owó epo dé, ọ̀gá wa ní kí Bọ̀dá wá yí fún àwọn àlejò níbi àríyá ilé-iṣẹ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má ṣe é."

Wọ́n ní, "Àbúrò, bàtà ni màá wọ̀. Ọlọ́run á mọ̀ pé eré ni."

Wọ́n yí lórí ìtàgé, àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́. Orin parí, Bọ̀dá ò dúró. Bàtà dúdú ẹsẹ̀ òsì fò yọ, ó balẹ̀ síwájú ọ̀gá. Tọ̀tún tẹ̀lé e. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

Mo rọra bọ́ bàtà tèmi, mo dìde dúró.