Ìjọba Tó Ń Yá Àsíá Lọ́wọ́ Aránṣọ

"Ìjọba ti dé ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù!"

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Ọnọ́rébù ló sọ ọ́ níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ Ìyá Hanifah, aránṣọ àdúgbò wa ní Ìta-Ọ̀pẹ, Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ikọ́ fée pa lọ́sàn-án gangan ọjọ́ Àlàmísì. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń hó nígbà àkọ́kọ́. Àwa tí a wà lábẹ́ kánópì pàtẹ́wọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ṣe àmín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúrà kọ́ ló ń ṣe. Mi ò ní dárúkọ Ọnọ́rébù. Ó ti fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sára gbogbo ògiri tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó yọjú sí títì.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ni Ọnọ́rébù sọ. Ìjọba dé ẹnu ọ̀nà lóòótọ́. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló dé, ti Ìyá Hanifah, kì í sì í ṣe Ọnọ́rébù ló gbé e débẹ̀.

Lọ́dún tí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà gbóná, kò sí ilé tí kò fi àsíá kọ́ ojúde ní àdúgbò wa. Ewé, funfun, ewé, lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni pé a ti lówó. Ìgbà tó wá di àṣekágbá, wọ́n nà wá. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí ìfẹ́ ìlú ṣe ń yára gbẹ. Kó tó di ọjọ́ kejì, àsíá ti di aṣọ ìnu-ọ̀kadà, ó ti di àkísà tí wọ́n fi ń sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀. Ti Ìyá Hanifah nìkan ló kù lórí ọ̀pá oparun rẹ̀. Mo yà síbẹ̀, mo bi í léèrè ìdí. Ó kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá yín, àbí?"

"Mò ń jẹ́ ẹ."

"Ṣé gbogbo ìdíje ni wọ́n gbà?"

Bàbá mi, Ọlọ́run ó dẹ ilẹ̀ fún wọn, wọn ò gba ìdíje kankan láyé wọn.

Bí òjò bá ṣú, àsíá ló máa ń ká wọlé kó tó rántí aṣọ oníbàárà. Etí àsíá náà kì í ya kó má rán an padà. Gbogbo èyí ì bá dára, ká ní kì í ṣe ti àwọn àlejò. Àwọn ará Ayépé, àwọn ará Ibefun, àwọn tó wọ ìlú wá láti wá ìjọba kiri, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Àsíá wà. Bẹ́ǹṣì wà. Obìnrin kan wà nínú ilé tó fi gíláàsì sí góńgó imú, tí kò tètè gbójú sókè wò wọ́n. Kí ló tún kù tí ọ́fíìsì ìjọba ní?

"Ẹ má bínú o, ibí kọ́ ni," Ìyá Hanifah á wí.

Ìyẹn gan-an ló máa ń dá wọn lójú. Kò sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n dé rí tí wọn ò ti sọ fún wọn pé ibẹ̀ kọ́ ni. Wọ́n á sì jókòó.

Ìgbà tó lé wọn títí tí wọn ò lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ọgbọ́n aránṣọ ló fi ṣe é: ó ń so ẹ̀sùn mọ́ ẹ̀sùn, bí ẹni ń rán apá mọ́ ẹ̀wù. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Azeemah wá láti Ayépé, ó ní gọ́tà ti wó, omi ń wọ ṣọ́ọ̀bù òun. Bíríkìlà kan jókòó tì í, òun ní tirẹ̀ wá fi ẹjọ́ sùn pé kò síṣẹ́ nílùú. Ìyá Hanifah wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ máa lọ." Gọ́tà dúró, bíríkìlà jẹun. Ẹ wo ìwé òfin wa látòkè délẹ̀, ẹ bá mi wá ìjọba tó yá ju èyí lọ.

Ni kánsù bá gbọ́. Wọ́n rán Richard wá, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣètò ayẹyẹ fún Ọnọ́rébù. Táì ló so, ó fajú ro.

"Mà, ẹ sọ àsíá yìí kalẹ̀. Àwọn ará ìlú ń rò pé ẹ̀yin ni ìjọba."

"Ṣé mo ń ṣe é dáadáa?"

"Ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀, mà."

"Òun gan-an lọ̀rọ̀, ọmọ mi. Jókòó. Kí ni ẹ̀sùn tìẹ?"

Richard jókòó! Kó tó dìde, ó ti fi ẹjọ́ ọ̀gá rẹ̀ sùn tán, ó ti mu omi, Ìyá Hanifah sì ti bá a rán bọ́tìnnì tó já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi padà wá, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò fajú ro mọ́. Ọnọ́rébù fẹ́ ṣí ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n kọ́ sí ìpẹ̀kun àdúgbò wa, ayẹyẹ sì di ọ̀la. Ṣùgbọ́n àsíá kánsù ti pẹ́ nínú oòrùn débi pé àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ṣí tán, funfun nìkan ló kù.

"Tí a bá gbé e sókè, mà, wọ́n á rò pé a ti túúbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá wa ní tiyín."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín díẹ̀ ná, ẹkún ń bọ̀. Ìjọba wá yá àsíá lọ́wọ́ aránṣọ! Obìnrin náà fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó sì gbé e fún wọn. Lábẹ́ àsíá rẹ̀ ni Ọnọ́rébù ti gé rìbọ́nì. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé Ìyá Hanifah ní ikọ́ fée, wọ́n gbé òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mí bò ó nímú, wọ́n pe kámẹ́rà. "Aláìsàn wa àkọ́kọ́!" Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Wọn ò tilẹ̀ tan ẹ̀rọ ọ̀hún.

"Tíṣà," ó sọ fún mi lẹ́yìn náà, "díẹ̀ ló kù kí n kú síbẹ̀. Ẹ̀rín ni mò ń pa mọ́ra."

Wọ́n dá àsíá padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n sì ti ilé ìwòsàn pa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kan náà. Ó lé lọ́dún kan dáadáa. A ò rí nọ́ọ̀sì, a ò rí dókítà. Ewúrẹ́ nìkan ló ń gba ìtọ́jú lábẹ́ fàráńdà rẹ̀.

Ọjọ́ Àlàmísì yẹn, èémí ká Ìyá Hanifah lọ́wọ́ kò nídìí máṣíìnì. Hanifah, ọmọ rẹ̀, figbe ta. Dáúdà tó ń wa kẹ̀kẹ́ sáré gbé e. Bàbá Simeon ará Ibefun, tó wá fi ẹjọ́ òpó iná tó wó sùn, ló wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Ṣé ọ̀gá ń lọ sí mítìnnì ni?" ni bàbá béèrè. "Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

Ìgbà tó yé e, bàbá arúgbó yẹn sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́.

Ilé ìwòsàn náà kò jìnnà. Bí èèyàn bá sín níbẹ̀, à ń kí i láti ilé pé kó pẹ́ láyé. Àgádágodo ló pàdé wọn. Láti ojú fèrèsé, Hanifah ń wo bẹ́ẹ̀dì tí ìyá rẹ̀ jókòó lé lọ́jọ́ ayẹyẹ, ọ̀rá tí wọ́n fi wé bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún ṣì wà lára rẹ̀. Ó ń wo ẹ̀rọ náà. Bàbá Simeon gbé òkúta, ó ń fi lu àgádágodo. Máigádì jáde láti abẹ́ igi: "Ẹ má ba nǹkan ìjọba jẹ́!" Kọ́kọ́rọ́ dà? Máigádì ní ó wà lọ́wọ́ alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn. Wọ́n pe alága: ó ní ó wà lọ́wọ́ olùtọ́jú ẹrù. Olùtọ́jú ẹrù ní ó wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ọnọ́rébù. Àwọn yẹn ní Ọnọ́rébù wà ní mítìnnì. Dáúdà yí kẹ̀kẹ́ padà, ó forí lé ilé ìwòsàn ńlá láàárín ìlú. Ìyá Hanifah ò débẹ̀. Èjìká ọmọ rẹ̀ ló kú sí.

Ṣé ikọ́ fée ló wá pa á? Ikọ́ fée ti ń bá a gbé láti kékeré, wọ́n ti mọwọ́ ara wọn. Ta ló ti ilẹ̀kùn?

Lábẹ́ kánópì ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí ìjọba ti dé ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù tán, Ọnọ́rébù kéde pé àwọn máa fi orúkọ olóògbé sọ ilé ìwòsàn náà. Àtẹ́wọ́ tún ró. Hanifah dìde.

"Ẹ ṣé, sà. Ṣé ẹ máa ṣí i, àbí ẹ kàn fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ?"

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tún hó. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó hó.

Lọ́jọ́ Ajé, Richard dé. Kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Àsíá ló wá yá, fún ayẹyẹ ìsọlórúkọ.

"Àsíá wà nílé, Bùrọ̀dá Richard," ni Hanifah wí. "Mo ti lọ̀ ọ́. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, kí ẹ gbé àsíá lọ."

"Àǹtí Hanifah, ká sòótọ́, àwa gan-an ò mọ ibi tó wà."

Ó dáa. Àwa ará Ìta-Ọ̀pẹ ò tọrọ orúkọ, a ò tọrọ rìbọ́nì. Nọ́ọ̀sì la fẹ́ nínú ilé yẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n tàn la fẹ́. A sì fẹ́ kí gbogbo àwọn tí wọ́n pè lórí fóònù lọ́jọ́ Àlàmísì yẹn wá dúró níwájú wa, kí kálukú wọn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin náà ń wá èémí. Ẹni tó bá jẹ̀bi, kó kúrò lórí àga tó jókòó lé.

Ọnọ́rébù, lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?