Bí Wọ́n Ṣe Pe Fadilah ní Ìfọ̀

Fadilah Sùlèímọ́nù kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí, lójú títì Èkó sí Abẹ́òkúta, ní Ìfọ̀. Típà tó kó yanrìn ló gbá a. Ó ń sọdá lọ sí ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń ran àwọn aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ láti kẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Awakọ̀ náà sọ fún ọlọ́pàá pé òun fọn fèrè, òun sì fọn ọ́n dáadáa. Ọlọ́pàá bi àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ní òótọ́ ni, àwọn gbọ́. Gbogbo Ìfọ̀ ló gbọ́ fèrè yẹn àfi Fadilah, nítorí adití ni. Wọ́n ti ìwé ẹjọ́ náà pa, ó di ọ̀rọ̀ àná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, torí kò sẹ́ni tó bi wá léèrè.

Ọmọ Ṣakí ni. Yírùnyírùn ló kọlù ú ní kékeré. Àìsàn náà lọ, ó sì gbé etí rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, Àjíbíkẹ́, ìyá rẹ̀, kó òun àti Nàfísàt àbúrò rẹ̀ wá sí Mòwé, wọ́n sì gba yàrá ní àdúgbò wa. Fadilah kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá dé ibẹ̀, má wulẹ̀ kí i láti ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ ni wàá fi gbá tábìlì, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á gbọ́, á gbójú sókè, á sì rẹ́rìn-ín sí ọ.

Kò sí oníbàárà tí kì í sọ lórúkọ ní èdè ọwọ́. Orúkọ lánlọ́ọ̀dù wa ni àtẹ́lẹwọ́ títẹ́ bí ẹni ń gba nǹkan. Tèmi ni kí ó fi ọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu àwo. Mo pá lórí. Mo ní kí ó pààrọ̀ rẹ̀, ó ní kò burú, ó sì fi òógùn nínù kún un.

Ohun tó wù ú ni kí ó máa fi kọ̀ǹpútà ya àrà aṣọ, kí àwọn aránṣọ ibòmíràn máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ adití láti Mòwé àti Ìbàfò á kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á máa wo ẹ̀kọ́ lórí fóònù. Nàfísàt á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, á máa fi ọwọ́ sọ ohun tí olùkọ́ ń fi ẹnu sọ. Bí ó bá ní apá ń ro òun, Fadilah á ra ẹ̀pà fún un, á sì ní kó máa bá a lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí ètò tí wọ́n ń pè ní Ìmọ̀-Délé fi dé. Wọ́n gbé pátákó ńlá sójú títì ní Mòwé: “Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn aláàbọ̀ ara, láti inú ilé yín. A kò ní fi ẹnikẹ́ni sẹ́yìn.” Lọ́jọ́ náà gan-an ni Fadilah forúkọ sílẹ̀. Ó ṣí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ń sọ̀rọ̀, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn bo ẹnu rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kíkọ kankan nísàlẹ̀ fídíò, kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ ọ́. Fadilah kọ̀wé sí wọn pé adití ni òun, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n fèsì. Ohùn ni wọ́n gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i lórí wọsáàpù. Nàfísàt ló bá a gbọ́ ọ:

“Ẹ kú dédé ìwòyí o, Àǹtí Fadilah. A ti rí ọ̀rọ̀ yín, ó sì ká wa lára gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá lórí fóònù, ká jọ sọ ọ́.”

Nàfísàt fi ọwọ́ sọ ọ́ fún un. Fadilah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ oníbàárà tó ń rán.

Ó tún kọ̀wé. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n kọ èsì sílẹ̀: kí ó tó lè rí ẹ̀kọ́ tó ní ọ̀rọ̀ kíkọ gbà, ó gbọ́dọ̀ wá sí ọ́fíìsì wọn ní Ìfọ̀, kí wọ́n fojú rí i pé ó dití lóòótọ́. Wọ́n ní àwọn kan ń díbọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Mo ti rí ẹni tó ń díbọ́n pé òun lówó, mo ti rí ẹni tó ń díbọ́n pé òun ń ríran. N kò tíì pàdé ẹni tó díbọ́n di adití nítorí kó lè ka ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ fídíò.

Àtòun àti Nàfísàt ni wọ́n jọ lọ nígbà àkọ́kọ́. Láti Mòwé, wọ́n wọkọ̀ dé Bẹ́gà, wọ́n tún wọ ti Sàngó, kí wọ́n tó kan Ìfọ̀. Ẹ̀kọ́ tó ní òun ń bọ̀ wá bá ọ nílé nìyẹn o. Ọlọ́dẹ dá wọn dúró lẹ́nu géètì.

“Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ló ń wọlé.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ràn. Èmi ni mo máa ń bá a gbọ́ ọ.”

“Ṣé ìwọ náà dití ni?”

“Rárá, sà.”

“Ó dáa, dúró síta.”

Fadilah dá wọlé. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n fi hàn án pé kí ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Ó lọ jókòó sáàárín àwọn adití yòókù. Akọ̀wé kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹnu pe orúkọ wọn. Bó bá pe ọ̀kan tí kò dáhùn, á pe èkejì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ọ́fíìsì, Fadilah lọ bá a, ó fi orúkọ rẹ̀ hàn án. Akọ̀wé náà kọ ọ́ sórí bébà fún un: “A ti pè ọ́, o ò dáhùn. Padà wá ní Tuesday.”

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Nàfísàt ní òun á tún tẹ̀ lé e. Fadilah bi í pé, “Kí o tún lọ dúró lẹ́nu géètì?” Ó ní kó bá òun jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó sì dá lọ.

Mòwé la sin ín sí. Bí lèmọ́ọ̀mù ti ń ṣàdúrà ni Nàfísàt ń fi ọwọ́ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ Fadilah, àwọn ará ọjọ́ Sátidé. Ọwọ́ gbogbo wọn ṣe àmín lẹ́ẹ̀kan náà. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń lọ síbi òkú, n kò rí àmín tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni kò wá láti Ìmọ̀-Délé.

Nígbà tó yá, wọ́n pààrọ̀ pátákó ojú títì. Fọ́tò Fadilah ló wà níbẹ̀, ẹ̀rín tí wọ́n ní kó rín. Ìyá rẹ̀ rí i, ó fà mí lọ síbẹ̀.

“Bàbá, kí ni wọ́n kọ sí i?”

Mo kà á fún un: “Fadilah ti dé ibi tó ń lọ. Ìwọ ńkọ́?”

Àjíbíkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Èmi àti Nàfísàt lọ sí Ìfọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntókun, alákòóso ibẹ̀, fún wa ní àga, ó kí wa kú ará-fẹ́ra-kù.

“Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, Bàbá, a ò lè pè é ní akẹ́kọ̀ọ́ wa. Kò yọjú fún àyẹ̀wò.”

“Kí wá ni fọ́tò rẹ̀ ń ṣe lórí pátákó yín?”

“Ìyẹn, ti ẹ̀ka ìpolówó ni.”

Nàfísàt ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ní kí wọ́n máa fi ẹnu pe orúkọ adití?”

“Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.”

“Ta ni ‘a’, sà?”

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ìpàdé ń dúró de òun, lórí bí àwọn aláàbọ̀ ara yóò ṣe máa rí ẹ̀kọ́ gbà.

Mo tún wo fídíò náà kí n tó kọ èyí. Ọkùnrin oníkóòtù ṣì ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nísàlẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ kíkọ ló wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí? Bí wọ́n bá mọ bí a ṣe ń kọ̀wé gàdàgbà sórí pátákó, ta ló ní kí wọ́n má kọ wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ fídíò? Ìgbà wo ni ẹlẹ́sẹ̀ kíkú máa gbọ́ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì tirẹ̀ wà? Ẹ̀kọ́ tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sínú fóònù, kí ló mú obìnrin yẹn dé ojú títì?

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Kí Ìmọ̀-Délé yọ fọ́tò Fadilah kúrò lórí pátákó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ wọn, kí wọ́n sì gba ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́ síṣẹ́. Kí ìjọba tó fún wọn níwèé àṣẹ pè wọ́n jókòó, ní gbangba, kí wọ́n bi wọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Kí ẹni tó pàṣẹ pé kí adití wá fi ara rẹ̀ hàn ní Ìfọ̀ sì bọ́ síta, kí ó wá sí Mòwé ní ọ̀sán gangan, kí ó jókòó níwájú Àjíbíkẹ́, kí ó ṣàlàyé ohun tí ọmọ rẹ̀ lọ ṣe níbẹ̀.