Aṣọ Alápá Ọ̀tún Méjì

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni Gé-lẹ́ẹ̀kan fi gé aṣọ láìfi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, á ṣẹ́ ẹ po sí méjì, á fojú wọ̀n ọ́n, sísọ́ọ̀sì á sì gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Bó bá rí aránṣọ mìíràn tó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, á ní, "Ṣé àwòrán lò ń yà ni, àbí aṣọ lo fẹ́ rán?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, sísọ́ọ̀sì náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kóun mú un nílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kò dá a lóhùn. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ ọ̀tún náà fi kọ̀ fún un, ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

Oṣù méjì ló lò ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ẹni tó tó bí lọ́mọ, tó máa ń gbé táwẹ̀lì kan síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè padà mọ iṣẹ́.

"Màmá, ẹ ká a."

"Mo ti ká a lánàá."

"Tàná ti tán. Ẹ ká tòní."

"Kí ni mo ṣe fún táwẹ̀lì yìí gan-an?"

"Ó ní ẹ ń sá fún òun."

Á ká a, á sì máa bú u nínú. Àwọn tó wá kí i ń sọ fún un pé ìṣòro ló ń sọ èèyàn di akọni. Kò gbà. Ní tirẹ̀, ẹkún àti ìbínú nìkan ni ìṣòro tíì kọ́ òun. Ṣùgbọ́n táwẹ̀lì tó ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lánàá, ó ká a lẹ́ẹ̀méjìlá lónìí. Ìyẹn ló gbà gbọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kà á.

Nígbà tó padà sílé, ẹsẹ̀ ti ń gbé e, bó tilẹ̀ ń wọ́ ọ díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì lè di nǹkan mú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ránṣọ, ló ń darí ṣọ́ọ̀bù. Gé-lẹ́ẹ̀kan wá igun kan jókòó sí, ó fi ọwọ́ òsì mú sísọ́ọ̀sì, ó ń gé ìwé ìròyìn àtijọ́. Sísọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún kì í gbọ́ ti ọwọ́ òsì. Ṣe ló ń jẹ ìwé náà wúruwùru. Àtàǹpàkò rẹ̀ lé ròrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi gé ìlà gbọọrọ kó tó bọ́ sórí èyí tó tẹ̀. Nírọ̀lẹ́, àbúrò rẹ̀ á gbá àjákù ìwé jọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ìròyìn ayé lẹ ti gé tán, ẹ ò sì ka ẹyọ kan."

"Máa gbálẹ̀ ẹ lọ."

Lọ́jọ́bọ̀ kan, nọ́ọ̀sì wọlé dé, ó ká aṣọ funfun kan mọ́ abíyá. Wọ́n ti fi í ṣe olórí wọ́ọ̀dù, ọjọ́ Ajé ló sì máa bẹ̀rẹ̀. Aṣọ náà nípọn, ojú rẹ̀ ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ kò dán. Ìyókù irú rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á nìyẹn.

"Màmá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rán an."

"Àbúrò mi á bá ọ rán an."

"Ṣé àbúrò yín ni mo bá ká táwẹ̀lì?"

Ó gba aṣọ náà. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí aṣọ yìí bá fi lè bàjẹ́, òun á kó sísọ́ọ̀sì fún àbúrò òun, òun ò sì ní gé aṣọ mọ́ láé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ na ṣọ́ọ̀kì sí i. Kò tilẹ̀ wò ó. Iwájú aṣọ gé dáadáa, ẹ̀yìn náà gé dáadáa. Ó wá ku apá. Tẹ́lẹ̀, orí aṣọ tó ṣẹ́ po ló ti máa ń gé e, tọ̀tún tòsì á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kọjú síra wọn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò tíì lágbára tó láti gé aṣọ tó nípọn ní ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ó gé apá kan, ó tẹ́ ẹ lé aṣọ tó kù, ó fi wọn ìkejì. Kò rántí pé ó yẹ kóun kọ́kọ́ dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ gbé apá méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọwọ́ ọ̀tún méjì ni nọ́ọ̀sì yẹn ní ni?"

Gé-lẹ́ẹ̀kan kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé sísọ́ọ̀sì lé orí máṣíìnì àbúrò rẹ̀. "Gbà. Ó tó gẹ́ẹ́."

"N ò gbà á." Àbúrò rẹ̀ kò ṣíwọ́ ìránṣọ. Gbogbo ìgbà tó lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọsibítù ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ó sì mọ̀ ọ́n sórí. "Tàná ti tán. Ẹ ká tòní."

Gé-lẹ́ẹ̀kan fa apẹ̀rẹ̀ àjákù sọ́dọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àjákù aṣọ náà. Kò sí èyí tó fẹ̀ tó apá kan, àmọ́ méjì wà tó gùn. Bí wọ́n bá rán wọn pọ̀ láàárín, wọ́n á tó.

"Gbé ṣọ́ọ̀kì wá," ó ní, kò sì wojú ẹnikẹ́ni.

Ó fa ìlà. Ó kọ "òsì" gàdàgbà sí ẹ̀yìn aṣọ. Ó gé e díẹ̀díẹ̀, àbúrò rẹ̀ bá a rán an pọ̀. Ojú ìránpọ̀ náà hàn láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ó wá ní kó ṣẹ́ ìlà tín-ínrín kan sí apá ọ̀tún náà, lójú ibì kan náà, kí apá méjèèjì lè bára mu.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nọ́ọ̀sì wọ aṣọ náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú dígí.

"Ìlà apá yìí mà wù mí o. Báwo lẹ ṣe ronú kàn án?"

Gé-lẹ́ẹ̀kan ì bá ti dákẹ́. "Àṣìṣe ni. Apá ọ̀tún méjì ni mo kọ́kọ́ gé."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Òun nìyẹn nínú apẹ̀rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì mú un, ó ká a dáadáa, ó tì í sínú báàgì. "Màá fi kọ́ ògiri wọ́ọ̀dù mi. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọn ò fẹ́ ká táwẹ̀lì."

Gé-lẹ́ẹ̀kan kò sọ di òní pé àìsàn ṣe òun lóore. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, á ní kó wá gbà á lọ fún ara rẹ̀. Àwọn tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kò pọ̀, ó sì mọ gbogbo wọn: ọmọ tó ń fi táwẹ̀lì dà á láàmú, àbúrò tó kọ̀ tí kò gba sísọ́ọ̀sì, àti ọwọ́ òsì tí kò kà sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

"Gé-lẹ́ẹ̀kan, ẹ káàárọ̀ o," ni oníbàárà kan kí i láìpẹ́ yìí.

"Gé-lẹ́ẹ̀mejì ni," ó dá a lóhùn, ó sì na ọwọ́ sí ṣọ́ọ̀kì.