Ọjọ́ tí Òkun Kan Ẹnjiníà Nídìí

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí gbogbo ayé mọ̀ bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Vilikesa, àgbà abúlé wa, rán òkun sí ẹnjiníà.

Àwọn ará ọ́fíìsì kan ló wá sí Navuniyasi, abúlé tiwa yìí ní Fiji, pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n ti yà tán. Wọ́n ní etíkun làwọn máa gbẹ́ kànga wa sí, torí ibẹ̀ sún mọ́ títì. Ẹnjiníà wọn, Apenisa, na ìwé sí Bàbá.

"Bàbá, ẹ bá wa buwọ́ lù ú, pé a ti fọ̀rọ̀ lọ̀ yín."

"Ìgbà wo?"

"Ìsinsìnyí náà ni."

"Ẹ ò fọ̀rọ̀ lọ̀ wá, ẹ kàn ń sọ fún wa ni. Òkun máa ń dé ibí yìí. Ṣé omi iyọ̀ lẹ fẹ́ ká máa mu?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti wọn ilẹ̀.

Bàbá ò bá a jà. Ó tẹ́ ẹní síbi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga sí gẹ́lẹ́, ó po kava, omi gbòǹgbò tá a fi ń ṣe àlejò, kún ọpọ́n, ó ní kí àlejò jókòó. Ta ló jẹ́ dìde nídìí kava kí ọpọ́n tó gbẹ? Ẹnjiníà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan bí àṣà, ó gbé igbá àgbọn, ó dà á mì. Bí ọpọ́n bá ti fẹ́ gbẹ, Bàbá a tún po òmíràn. Ọ̀sán ń lọ, ahọ́n ẹnjiníà ti kú sí i lẹ́nu. Oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni, Bàbá sì mọ̀ pé òkun máa ń kún wọ etíkun bí oṣù bá lé. Àfi fìrì tí ẹnjiníà fò sókè.

"Bàbá! Omi!"

"Ẹ jókòó jàre, ọpọ́n ò tí ì gbẹ. Ìwádìí lẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́."

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n padà wá, wọ́n wá bèèrè ibi tó yẹ kí omi wà. Ni gbogbo àwa ọkùnrin bá jókòó síwájú, tí à ń pariwo. Bàbá dìde: "Ta ló ti ru korobá omi sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè rí nínú yín?"

Bàbá nàka sẹ́yìn, síbi táwọn obìnrin jókòó sí.

"Ó yá, ẹ bọ́ sẹ́yìn fáwọn tó mọ̀ ọ́n."

Losana ìyàwó ẹ̀ ké láti ẹ̀yìn: "Vilikesa, ìwọ náà ò rù ú rí o!"

"Ṣé o ò rí i pé èmi ni mo kọ́kọ́ bọ́ sẹ́yìn?"

Àwọn obìnrin ló mú wọn lọ síbi ìsun tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ni tánkì wà dòní, páìpù ń gbé omi wá sẹ́nu ọ̀nà wa.

Bàbá ò yé sọ ìtàn ọjọ́ kava yẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìdí lomi kan ẹnjiníà. Lọ́dún kẹta, ó ti dé àyà. Nígbà tí Bàbá fi máa kú, ẹnjiníà ti lúwẹ̀ẹ́ délé.

Ohun tó ń dùn mí rèé, mi ò sì ní dákẹ́: wọ́n kan pátákó mọ́ tánkì yẹn. Orúkọ ọ́fíìsì wà níbẹ̀, orúkọ ọ̀gá kan tí ò lò tó wákàtí kan lábúlé wa wà níbẹ̀. Vilikesa ń kọ́? Rárá o! Mo ti mú ọ̀bẹ kí n lọ fá a dànù, Bàbá ló dá mi dúró.

"Fi sílẹ̀. Àwọn gba pátákó, àwa gba omi."

Lọ́jọ́ tá a sin ín, ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó di gbòǹgbò kava mọ́ àyà. Apenisa ni. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún Losana. Ó ní, "Mọ̀mọ́, abúlé mẹ́rìnlá ni mo ti ṣe omi fún látìgbà yẹn. Mi ò débì kan kí n má kọ́kọ́ bèèrè."

Nígbà tó yá, mo rí i létíkun, ó jókòó síbi ọjọ́sí.

"Ẹ̀gbọ́n, òkun ń bọ̀ o."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ó máa bọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n omi ló bọ́ lójú mi. Mo lọ gbé ọpọ́n wá, mo jókòó tì í. Òkun dé, ó kan àwa méjèèjì nídìí. A ò dìde.

Ọpọ́n ò tí ì gbẹ.