Baba Táyà ní Kọ́nà Kẹtàlá

Bí wọ́n bá dárúkọ Baba Táyà lónìí, omi ọṣẹ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń rántí. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ inú géèmù ń fà sọ́wọ́ òsì, bàbá ní táyà rẹ̀ ló ń jò. Kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù géèmù tó yíjú padà, bàbá ti gbé ike omi ọṣẹ tó fi ń wá ibi tí túùbù ti lu wọlé, ó ti fi pa ojú tẹlifíṣọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ibi tó ti máa hó.

"Bàbá mi! Tẹlifíṣọ̀n mi!"

"Dákẹ́ ná. Ó fẹ́ẹ̀ hó."

Ó sì hó lóòótọ́. Tẹlifíṣọ̀n ta pàù, èéfín yọ, iná gbogbo ilé kú.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fìyẹn rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo fẹ́ sọ ju ìyẹn lọ.

Fọkanáísà ni bàbá. Ogójì ọdún ló fi lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí, kò sì wakọ̀ rí láyé rẹ̀. Àmọ́ ẹnu ńkọ́? Háà! Bó bá ti tú táyà yín sílẹ̀, á sọ bí ẹ ṣe ń tẹ bíréèkì, á sọ bí ẹ ṣe ń wọ kọ́nà, á tún bọ́ sínú ilé yín. "Ẹ̀gbẹ́ kan ló jẹ jù. Ẹ ti ń fi ìbínú jáde nílé láràárọ̀." Ibi tó burú sí ni pé òótọ́ ló máa ń jẹ́. Àwọn kan tìtorí ẹ̀ gbé táyà wọn lọ sí àdúgbò mìíràn.

Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ra géèmù ọkọ̀ kan báyìí, bàbá rí i pé èèyàn gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ yan táyà kó tó sáré. Ó jókòó. Kò fẹ́ẹ̀ dìde mọ́. Dírífìtì ló wù ú jù, ìyẹn ni kí ọkọ̀ máa fẹ̀gbẹ́ yọ̀ wọ kọ́nà, kí ìdí rẹ̀ máa rìn, síbẹ̀ kó má gbá ògiri. Táyà rírọ̀ tó máa ń di ilẹ̀ mú ni àwọn yòókù ń fi sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá ní rárá o. Rírọ̀ níwájú, líle lẹ́yìn. "Iwájú ló ń ríran," ló máa ń wí, "ẹ̀yìn ló ń jó. Ẹni tó so ìdí oníjó mọ́lẹ̀, kí ló fẹ́ wò?"

Ẹni tọ́rọ̀ yìí ń bí nínú ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Jíà Márùn-ún.

"Ìwọ tí o ò mọ jíà yàtọ̀ sí bíréèkì, ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ awakọ̀ ní táyà?"

"Jókòó ká sáré."

"Bí mo bá nà ọ́ ńkọ́?"

Bàbá ò tiẹ̀ rò ó. "Mi ò ní sọ̀rọ̀ táyà mọ́ láyé mi. Bí mo bá nà ọ́, ọ̀gá ni wàá máa pè mí níṣojú gbogbo ayé, wàá sì máa fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀."

Ọmọ rẹ̀ sún mọ́ wọn kíá. Ìyá ọmọ náà ti kú, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá ti ń dín kù, ọ̀rọ̀ táyà nìkan ni bàbá ṣì fi ń bá èèyàn ṣeré. Bí wọ́n bá gba ìyẹn lẹ́nu rẹ̀, kí ló kù fún un?

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan mìíràn ṣe é."

"Ẹyin lohùn," ni bàbá wí. "Ó ti balẹ̀."

Lọ́sàn-án Sátidé, èrò kún ṣọ́ọ̀bù débi pé àwọn kan ń yọjú láti ojú fèrèsé. Kọ́nà mẹ́tàlá ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi àsíá ló borí. Jíà Márùn-ún kó táyà rírọ̀ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Á yára o," ni bàbá wí, "àmọ́ kò ní bá ọ délé."

"Yan tìẹ."

Láti kọ́nà kìíní dé ìkẹfà, Jíà Márùn-ún ló wà níwájú. Òógùn bàbá ń kán sórí pádì tó fi ń darí ọkọ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn àga, ó di ẹ̀yìn àga náà mú. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ àfi bàbá, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Dín iná kù. Fa áńbíréèkì, díẹ̀, fi sílẹ̀. Ìdí ti ń lọ. Yí sitiárìn tẹ̀ lé ìdí, má bá a jà. Ó yá, fún un níná. Díẹ̀díẹ̀. Mo ní díẹ̀díẹ̀!" Ọkọ̀ náà yọ̀ títí ó fi ku fẹ́ẹ́rẹ́ kó gbá ògiri, kò sì gbá a.

Ní kọ́nà kẹsàn-án, wọ́n dọ́gba. Ní ìkẹwàá, bàbá yà á, ó bọ́ síwájú. Inú bí awakọ̀, ó tẹ iná mọ́lẹ̀. Àwòrán táyà tó wà nígun tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

"Táyà rẹ ti gbóná o. Ẹ̀yìn òsì."

"Pa ẹnu rẹ dé!"

"Mo ní ẹ̀yìn òsì!"

Kọ́nà kan ló kù. Bàbá ti yọ̀ wọ̀ ọ́ dé ìdajì, àsíá ti hàn, ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ mí. Ni táyà Jíà Márùn-ún bá bẹ́ gbàmù! Ọkọ̀ rẹ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró gbagidi sáàárín ọ̀nà.

Bàbá tẹ bíréèkì.

Ṣé ẹ gbọ́ mi? Àsíá ò ju ìjìnnà ilé méjì lọ, bàbá tẹ bíréèkì, ó fi ọkọ̀ rìn padà sẹ́yìn, ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dìde lórí àga, ó ń tọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. "Jáàkì mi dà?"

Ariwo sọ. "Bàbá, ẹ máa lọ! Ẹ máa lọ!" Ogójì ọdún, táyà èèyàn ò bẹ́ lójú rẹ̀ rí kó kọjá lọ. Kó tó rí pádì he padà, Jíà Márùn-ún ti fi táyà mẹ́ta wọ́ ara rẹ̀ kọjá àsíá.

"Géèmù ni, bàbá mi," ni ọmọ rẹ̀ wí jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀. Ìgbà tí mo dúró tán ni mo rántí."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tá a fi rántí àdéhùn, ẹ̀rín sì gbẹ.

Bàbá dákẹ́ lóòótọ́. Èèyàn á gbé táyà wá, bàbá á lẹ̀ ẹ́, á gbé e fún un padà, á sì wo ibòmíràn. Obìnrin kan tó ń tàwé gbé táyà tí kò ṣe nǹkan kan wá, ó ní kí bàbá ṣáà bú òun. Bàbá fún un ní atẹ́gùn, ó mi orí. Kò wọ ṣọ́ọ̀bù géèmù mọ́. Oúnjẹ tí ọmọ rẹ̀ bá gbé wá, ìdajì ló máa ń padà. Ọmọ náà lọ bá awakọ̀ nílé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi ń rù."

"Ṣé èmi ni mo ní kó dúró ni?" ni Jíà Márùn-ún dáhùn, ojú rẹ̀ ò sì gbé ojú ọmọ náà.

Lọ́jọ́ kẹtàlélógún tí bàbá ti dákẹ́, lójú gbogbo àdúgbò, Jíà Márùn-ún yí táyà kan bọ̀ láti ìkóríta. Ó dé iwájú bàbá, ó ṣí fìlà.

"Ọ̀gá."

Bàbá gbé orí sókè.

"Ẹ bá mi wo táyà yìí. Ẹ̀yin lẹ yà mí, ẹ̀yin náà lẹ padà wá bá mi. Ẹ sọ̀rọ̀, ọ̀gá. Àdúgbò yìí ti dákẹ́ jù."

Bàbá gba táyà náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á yíká.

"Ẹ̀yìn òsì," ló wí. "Mo ṣáà sọ fún ọ."

Ó sọ̀rọ̀ dìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Jíà Márùn-ún ò dìde.

Ó ti pé ọdún méjì tí bàbá ti kú. Gbogbo Sátidé ni awakọ̀ ṣì máa ń wá sáré ní ṣọ́ọ̀bù géèmù. Rírọ̀ níwájú, líle lẹ́yìn. Ìdí ọkọ̀ rẹ̀ kì í jó dáadáa, àmọ́ ó ń gbìyànjú. Tó bá ti dé kọ́nà kẹtàlá, bó tilẹ̀ wà níwájú gbogbo wọn, á dúró, á rìn padà sẹ́yìn díẹ̀, á páàkì sí ojúkan náà. Àwọn tí ò mọ̀ á máa pariwo pé, "Bàbá, wọ́n ń yà yín o!" Ọmọ Baba Táyà á ju ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Á dúró títí gbogbo ọkọ̀ á fi kọjá. "Ẹ sọ̀rọ̀, ọ̀gá," ló máa wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, á tẹ iná, díẹ̀díẹ̀, á sì ṣe ìkẹyìn.