Kámúṣáàfù Tí Mo Yàn ní Owódé Onírin

Nígbà tí orí mi kò tíì yọ lókè bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, orí kéréètì míńírà ni mo máa ń dúró sí kí n lè rí inú ẹ́ńjìnì Pijó bàbá mi. Ìkòsì là ń gbé. Píkọ́ọ̀pù ni ọkọ̀ náà, ó ti gbó, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ń ṣí. Òun ni bàbá mi fi ń kó tòmátì tí màmá mi bá rà ní Mile 12 lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ṣágámù. Ọjọ́ tí kò bá sí ọjà, bàbá mi á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èmi náà á gun kéréètì mi. Àwọn ará ilé máa ń sọ pé ọmọbìnrin kì í wo ìdí ẹ́ńjìnì. Bàbá mi á kàn ní kí n sún mọ́ ọn. Mo kàn ń wo inú ẹ́ńjìnì lọ ni.

Ẹ̀yin ọmọ òní, ó lè jẹ́ pé ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ kámúṣáàfù. Ọ̀pá irin kan ni nínú ẹ́ńjìnì, ó ní àwọn gegele tó rí bí ẹyin lára. Bó ṣe ń yí, gegele kọ̀ọ̀kan ń ti fáàfù kan kó ṣí. Fáàfù kan á jẹ́ kí epo àti atẹ́gùn wọlé, èkejì á jẹ́ kí èéfín jáde. Bí gegele bá ga jù, ọkọ̀ á lè sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá di ẹrù sí i tí ó ń gun òkè jẹ́ẹ́jẹ́, agbára rẹ̀ á tán. Bàbá mi máa ń sọ pé kámú ló ń pinnu irú èémí tí ọkọ̀ máa mí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Màmá mi ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Bó ṣe bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó sì jókòó sídìí píkọ́ọ̀pù náà fúnra rẹ̀. Àwọn alábàárù Mile 12 kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn, wọ́n ń di apẹ̀rẹ̀ sí i lẹ́yìn.

Kò tó ọdún kan tí ẹ́ńjìnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Kò lágbára mọ́, ó sì ń wúkọ́ sẹ́yìn nínú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó kọ̀ láti gun òkè lójú ọ̀nà Ṣágámù, apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́rìnlá sì rà sínú oòrùn.

Ọjọ́ kejì ni àbúrò bàbá mi dé, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ní Ojota, ẹnu rẹ̀ sì tólẹ̀ nínú ẹbí. Ó ní mẹkáníìkì méjì ti bá òun wò ó, ẹ́ńjìnì ti kú, kí wọ́n ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń gé irin ní Owódé Onírin.

Màmá mi mọ̀ pé wọ́n máa ń yọ́ ara ẹ́ńjìnì fi rọ ìkòkò níbẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ ọkọ mi kò ní di ìkòkò ọbẹ̀."

"Ó dáa," ni Bàbá Kékeré wí. "Òní Sátidé. Bí kò bá gbé ẹrù dé Ṣágámù lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá mú àwọn agérin wá."

Bó ṣe lọ tán, mo ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnì. Mo ní kí màmá mi máa fi sípánà ńlá yí i díẹ̀díẹ̀ láti iwájú, èmi ń wo àwọn apá irin tó ń tẹ fáàfù. Gbogbo wọn ń lọ sókè sódò, àfi ìkẹta tó kàn ń mira bí ẹni tó ń tòògbé. Gegele abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán. Ẹ́ńjìnì kò kú. Kámú ló jẹ.

Ọjọ́ Ajé, èmi àti màmá mi ti wà ní Owódé Onírin. Ẹni tí a kọ́kọ́ bá gbé kámú kan jáde, gegele rẹ̀ ga, ó ń dán yanran.

"Ti ọkọ̀ eré ìje nìyí o! Màmá, ọkọ̀ yín á fò!"

Mo ní, "Tòmátì la fẹ́ kó, a ò fẹ́ fò."

Ó yíjú sí màmá mi bí ẹni pé igi ló sọ̀rọ̀. Màmá mi ní, "Òun ni kí o bá sọ̀rọ̀."

Bàbá àgbà kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ irin ní ìsọ̀ kejì gbọ́ wa, ó sì pè wá. Ó kó kámú mẹ́ta síwájú mi. Mo tọrọ gíláàsì pẹlẹbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí wọn lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní ń mì, ó ti tẹ̀. Èkejì tọ́, ṣùgbọ́n ihò wẹ́wẹ́ ti kún ara gegele rẹ̀. Ẹ̀kẹta yí lọ geere. Mo wọn gegele mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n dọ́gba, wọn kò sì ga jù. Ti ọkọ̀ akẹ́rù nìyẹn.

"Ta ló máa dè é?" ni bàbá náà bi wá.

"Èmi ni, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó di tápẹ́ẹ̀tì tuntun mẹ́jọ mọ́ ọn, ìyẹn àwọn irin kéékèèké tó ń jókòó lórí gegele. Ó ní bí mo bá fi ti àtijọ́ sórí kámú yìí, wọn á jẹ ara wọn tán ni. "Bí ẹ́ńjìnì bá sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, má jẹ́ kó sinmi fún ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Jẹ́ kó máa ké, kí ọ́ìlì lè dé ara kámú. Ẹni yòówù kó pariwo, má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo."

Títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo fi tú ẹ́ńjìnì náà tí mo sì tò ó padà. Bàbá Kékeré wà níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò náà pé. Màmá mi yí kọ́kọ́rọ́. Ó dún gbàù, iná yọ lẹ́nu kabúrétọ̀, èéfín bo gbogbo wa.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Bàbá Kékeré wí. Ẹ̀rín sọ.

Mo sá lọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, mo ń sunkún. Màmá mi wá bá mi. "Ṣé o mọ ohun tó fà á?" Mo ní ó jọ pé mo fi eyín kan ṣìṣe nígbà tí mo ń de ṣéènì tó ń yí kámú. Ó ní, "Ẹkún kì í tú nọ́ọ̀tì. Dìde."

Mo tún tú u. Lóòótọ́, àmì ara jíà kámú àti ti jíà ìsàlẹ̀ kò bára mu, eyín kan péré ló fi yà. Mo tò wọ́n, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo àwọn fáàfù, mo jẹ́ kí ti èéfín tóbi díẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń gbóná jù, irin tó bá sì gbóná máa ń gùn sí i.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èmi fúnra mi jókòó sídìí ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì sì ṣiṣẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ìtẹ̀ epo mọ́lẹ̀, ó ń ké kíkankíkan.

"Pa á!" ni Bàbá Kékeré kígbe. "O fẹ́ fọ́ ọ ni?"

Nígbà ayé wa, ọmọ kì í wo àgbà lójú, áńbọ̀sìbọ́sí kó ní òun kò ṣe. Síbẹ̀, n kò gbé ẹsẹ̀ mi kúrò.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní pa á."

Ó ń bọ̀ wá yọ kọ́kọ́rọ́. Màmá mi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò yẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú pé kí n tó gbé ẹsẹ̀. Ìgbà náà ni ohùn ẹ́ńjìnì rọlẹ̀, kò sí kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ Jímọ̀, a di ogún apẹ̀rẹ̀. Bàbá Kékeré bá wa jókòó síwájú, ó ní òun fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú. Nígbà tí a dé ìdí òkè náà, màmá mi fi ọkọ̀ sí jíà kejì. Ọkọ̀ ń fà, ó ń fà, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí a ṣe yọ sókè, màmá mi fun fèrè ọkọ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni níwájú wa. Bàbá Kékeré ń wo igbó. Títí tó fi kú, ohun tó ń sọ fún ẹbí ni pé ẹ́ńjìnì náà kò fìgbà kankan bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kó máa sọ bẹ́ẹ̀ lọ́run. Ọdún púpọ̀ la fi jẹun lára ọkọ̀ yẹn, lára rẹ̀ sì ni mo ti rí iṣẹ́ tí mò ń ṣe títí dòní.

Lóde òní, fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ ń so mọ́ ọkọ̀, á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Mi ò bá a jà, èmi náà ní ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ohun tí mi ò gbà ni kí ìyẹn pa etí àti ọwọ́ wa. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ké díẹ̀, wọ́n á ní ó ti gbó, ẹ jù ú nù, ẹ lọ ra tòkunbọ̀. Wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀ nípa ọkọ̀, wọ́n sì ti ń wí bẹ́ẹ̀ nípa èmi náà, pé kí Mummy lọ jókòó sílé. Ẹni tó bá ní kí ẹ ju nǹkan nù, ẹ bi í léèrè kan ṣoṣo: ṣé ó ti ṣí i wò?