Ọ̀dà Funfun Tí Daddy Kùn Sílé Wa Ní Peckham

Lánàá, bí mo ṣe ń ti ọjà Rye Lane bọ̀ ní London níbí, mo bá ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ọ̀ọ́kán ilé wa, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha bíríkì iwájú ilé ẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ìró yẹn, ẹ̀rín pa mí lójú títì. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ya fọ́tò àdúgbò wa kiri, ẹ jẹ́ n sọ fún yín.

Láyé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ti kọ́ àwọn ilé wa, wọ́n fara ti ara wọn láti òkè títì dé ìsàlẹ̀. Lórí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, wọ́n to bíríkì pupa bí òṣùmàrè, wọ́n sì gbẹ́ ewé àti òdòdó sára òkúta orí ilẹ̀kùn. Daddy ò rí gbogbo ìyẹn rò o. Lọ́dọ̀ tiwọn l'Ábẹ́òkúta, ilé tí wọn ò bá tíì rẹ́, ẹni tó ń kọ́ ọ ni agbára ẹ̀ ò ká a.

Nígbà tí ìyá wọn, Màmá Àgbà, ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo ilé tí ọmọ àwọn rà, ọkàn Daddy ò balẹ̀ mọ́. "Ṣé inú ilé tí ò tíì parí ni kí ìyá mi wá bá mi?" Ni wọ́n bá gun àkàbà, wọ́n kun iwájú ilé wa funfun báláú. Àwa nìkan là ń tàn bí eyín tuntun ládùúgbò. Mo yangàn títí!

Lẹ́tà káńsù dé lọ́sẹ̀ kejì. Àdúgbò àtijọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí ojú ilé padà, ká ha ọ̀dà yẹn kúrò kíá. Daddy káwọ́ lérí. "Mo gbé! Sátidé yìí mà ni Màmá ń bọ̀!"

Títí di Sátidé, ìdajì la tíì ha. Orí àkàbà ni Daddy wà, eruku bo ojú wọn, nígbà tí tákísí já Màmá sílẹ̀. Daddy sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́bàá títì. "Ẹ má bínú, Màmá, ilé náà ò tíì rí bó ṣe yẹ."

Ọmọ bíríkìlà ni Màmá, ojú wọn mọ iṣẹ́. Òkè fèrèsé ni wọ́n ń wò.

"Ọ̀gá ló to eléyìí," ni wọ́n wí. "Lo wá lọ da ọ̀dà lé e lórí? Ìwọ ọmọ yìí! Gbé búrọ́ọ̀ṣì wá jàre."

Wọ́n ká ọwọ́ bùbá sókè, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ń ha á. Daddy rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mi ò rí i kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn méjèèjì ti lọ sọ́run báyìí. Ṣọ́ọ̀bù tá a ti ń ra iṣu ti di ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn páìpù omi òjò ilé wa, bíríkì funfun kan ṣoṣo ṣẹ́ kù. Màmá ló ní ká fi sílẹ̀, kí Daddy lè máa fi rántí ọjọ́ tí ìyá wọn wá kí wọn.

Lánàá, kí n tó ṣílẹ̀kùn, mo yọjú wò ó. Ó ṣì wà níbẹ̀.